Eleanor Rathbone, Agbẹnusọ Àwọn Ìyá Nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹnìkan kì í jẹ́ "àwa dé." Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, a kò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan tí ó dá wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Lọ́ńdọ̀nù láìní ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lẹ́yìn, tí ó jókòó níbẹ̀ fún ọdún 16 ó lé oṣù díẹ̀, tí ó sì fi òfin kan sílẹ̀ tí ó wọ inú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá ọlọ́mọ ní ilẹ̀ náà. Eleanor Rathbone ni orúkọ rẹ̀. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ jà lé lórí. Ìbéèrè tí ó ń bi àwọn ọkùnrin ìgbà ayé rẹ̀ kò ṣòro í gbọ́: Bí Ìjọba bá fẹ́ fi owó ran ọmọ lọ́wọ́, ọwọ́ ta ni kí a fi owó náà lé?

Ní ọjọ́ 12 oṣù May, ọdún 1872, ni a bí i ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ará Liverpool ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn àgbà inú wa mọ orúkọ ìlú yìí, nítorí láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ti ń wá sí Èkó láyé àtijọ́, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń kó epo àti èkùrọ́ wa lọ. Kí òwò epo tó gbilẹ̀, ẹrú ni àwọn ọkọ̀ Liverpool ń kó. Oníṣòwò ńlá ni ìdílé Rathbone ní ìlú náà. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, bàbá ńlá wọn kan wà lára àwọn díẹ̀ tí ó dìde lòdì sí òwò ẹrú ní ojú àwọn tí òwò náà ti sọ di ọlọ́rọ̀. Kí a má sì fi òtítọ́ pamọ́, òwú tí àwọn ẹrú ń gbìn ní Amẹ́ríkà wà lára ọjà tí ilé Rathbone pàápàá ń tà.

William Rathbone, baba Eleanor, wà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fún ohun tí ó lé ní ọdún 25. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ń ṣàìsàn tí ó pa á, ó rí bí nọ́ọ̀sì kan ti tọ́jú rẹ̀ nínú ilé, ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí ìtùnú yìí bá lè dé ọ̀dọ̀ olówó, ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ tálákà pẹ̀lú. Láti inú èrò yẹn ni ètò nọ́ọ̀sì tí ń lọ láti ilé dé ilé àwọn aláìní ti bẹ̀rẹ̀ ní Liverpool ní ọdún 1859. Irú ilé báyìí ni Eleanor ti jáde. Ọmọ olówó ni, ṣùgbọ́n a kọ́ ọ pé owó ní iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe.

Ní 1893 ó lọ sí kọ́lẹ́jì Somerville ní Oxford, níbi tí ó ti kọ́ èdè àti ìmọ̀ àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní "Onímọ̀ Ọgbọ́n" nítorí pé ó máa ń ro ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1896, ó sì padà sílé láìgba oyè kankan, nítorí pé Oxford kò fi oyè fún obìnrin nígbà náà. Ó di ọdún 1920 kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn náà.

Nígbà tí ó dé Liverpool, ó bá baba rẹ̀ lọ́wọ́ sí iṣẹ́ bíbẹ àwọn tálákà wò. Ibẹ̀ ni ó ti rí ìyà ìdílé àwọn tí ń kó ẹrù ní èbúté. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ oṣù. Lójoojúmọ́ ni wọn yóò lọ dúró ní ibi tí a ti ń mú ènìyàn sí iṣẹ́; alábòójútó yóò nawọ́ sí àwọn tí ó bá wù ú, ìyókù yóò sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọkùnrin kan lè ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó má rí ju ẹyọ ọjọ́ kan lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Síbẹ̀ owó ilé kì í dín, ikùn ọmọ kì í sì í gbọ́ àwíjàre pé kò sí ọkọ̀ ní èbúté.

Eleanor kò sọkún lórí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò pín owó kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ó jókòó tì í, ó ń ṣírò. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ àwọn ìyàwó ilé pé kí wọ́n bá àwọn kọ ohun gbogbo tí ó wọlé àti ohun gbogbo tí ó jáde sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: owó búrẹ́dì, owó tíì, owó èédú, owó ilé, àti aṣọ tí a fi dógò ní ọjọ́ tí nǹkan kò sí. Ní 1909 ni wọ́n tẹ ìṣírò náà jáde ní ìwé, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ pé ìwà ìná-àpà ni ó sọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí di tálákà lè kọ́kọ́ ka iye tí wọ́n rí ná. Ẹni tí ó bá sì mọ ilé aláìní níbikíbi láyé, ó mọ ẹni tí í bu oúnjẹ fún gbogbo ilé tí í sì í jẹ gbẹ̀yìn.

Ní ọdún 1909 yìí kan náà ni àwọn ará àdúgbò Granby dìbò fún un láti wọ Ìgbìmọ̀ Ìlú Liverpool. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a fi ìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ náà, kò sì tìtorí ẹgbẹ́ kankan wọlé. Ó wà níbẹ̀ fún bí ọdún 25, ó ń jà fún ilé gbígbé tí ó mọ́, àti fún àwọn opó, tí òfin ìgbà náà ń lò bí ẹlẹ́bi nítorí pé ọkọ wọn kú.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù August 1914, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó la ojú rẹ̀ sí ọ̀nà tí ó ń wá. Ìjọba ń san owó fún ìyàwó ọmọ ogun, bí ọmọ bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà ṣe ń pọ̀ sí i. Eleanor ni ó ṣètò iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ìdílé àwọn ọmọ ogun ní Liverpool. Nínú iṣẹ́ yìí ó rí àwọn obìnrin tí kò mọ iye tí yóò wọlé lọ́la rí, tí ó wá ń gba iye tí ó dájú ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ọwọ́ ara wọn. Ó ṣàkíyèsí pé bàtà dé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, ẹ̀jẹ̀ sì padà sí ojú wọn. Ọkùnrin wà lójú ogun, ìbànújẹ́ wà nílé, síbẹ̀ oúnjẹ àwọn ọmọ dára ju ti ìgbà àlàáfíà lọ! Ó bi ara rẹ̀ pé: Ṣé dandan ni kí baba lọ dúró ní ojú ìbọn kí ìyá tó lè mọ iye tí yóò fi bọ́ ọmọ?

Níhìn-ín a fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá tí ń ka ìwé yìí dúró díẹ̀. Nílẹ̀ wa, láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, obìnrin ní ọjà tirẹ̀ àti àpò tirẹ̀. Ọkọ a fún un ní owó ọbẹ̀, ṣùgbọ́n èrè orí àtẹ rẹ̀ ti òun ni, ọkọ tí ó bá sì yá nínú rẹ̀ mọ̀ pé òun jẹ gbèsè. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Bí obìnrin bá ti lọ́kọ, inú ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, ohun tí ọkọ bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì ní ọjọ́ owó náà ni wọ́n ní. Ní ọdún 1943 pàápàá, obìnrin kan ti fi ọgbọ́n ṣẹ́ owó kù nínú owó oúnjẹ títí ó fi lé ní pọ́n-ùn 100. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ di ẹjọ́, àwọn adájọ́ wí pé ti ọkọ ni gbogbo rẹ̀, nítorí láti ọwọ́ rẹ̀ ni owó oúnjẹ ti wá. Ó di 1964 kí òfin tó sọ pé kí tọkọtaya pín irú owó bẹ́ẹ̀ ní ọgbọọgba.

Ìdí nìyí tí Eleanor fi kọ ìwé rẹ̀, The Disinherited Family, ní 1924, èyí tí a lè pè ní "Ìdílé Tí A Fi Ogún Rẹ̀ Dù." Kókó rẹ̀ ni pé owó iṣẹ́ kò mọ iye ọmọ. Àpọ́n àti baba ọlọ́mọ márùn-ún ń gba iye kan náà lórí iṣẹ́ kan náà; ọ̀kan yó, ọmọ èkejì ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń fi "ọkùnrin ní ìdílé láti bọ́" ṣe àwáwí tí wọ́n fi ń dín owó obìnrin kù, ìbáà ṣe opó tí ń bọ́ ọmọ mẹ́rin ni. Ó ní kí Ìjọba yọ ọ̀ràn ọmọ kúrò nínú owó iṣẹ́, kí ó máa san owó ọmọ lọ́tọ̀, kí ó sì san án fún ìyá tí ń ṣe iṣẹ́ títọ́ ọmọ.

Àtakò dé láti ìhà gbogbo. Àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù pé àwọn agbanisíṣẹ́ yóò tìtorí owó ọmọ dín owó iṣẹ́ kù. Àwọn mìíràn ní yóò sọ baba di ọ̀lẹ. Èyí tí ó dùn ún jù ni ti Millicent Fawcett, àgbà obìnrin tí ó ṣíwájú ìjàkadì ìbò àwọn obìnrin, tí Eleanor sì gba ipò rẹ̀ bí ààrẹ ẹgbẹ́ wọn ní 1919. Ìyá àgbà yìí gbà pé owó ọmọ yóò ba ojúṣe òbí jẹ́, nígbà tí ẹgbẹ́ náà sì fi ọwọ́ sí àbá Eleanor ní 1925, ó kúrò láàrin wọn. Eleanor bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò yí padà.

Ó ti dù láti wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní 1922 láti Liverpool, kò wọlé. Ní oṣù May 1929 ó tún gbìyànjú, ó sì wọlé. Àwọn tí ó ti gba oyè ní yunifásítì bíi ti Liverpool, Manchester, Leeds àti Birmingham ní ìjókòó méjì tiwọn nígbà náà, wọ́n sì ń fi ìwé ìbò wọn ránṣẹ́ láti ilé. Irú àwọn olùdìbò báyìí kò béèrè ẹgbẹ́ ènìyàn kí wọ́n tó béèrè ọgbọ́n rẹ̀. Obìnrin 14 péré ni ó wọlé ní ọdún náà. Ẹni ọdún 57 ni Eleanor. Aṣọ dúdú tí kò ní ẹ̀ṣọ́ ni ó ń wọ̀, ẹrù ìwé ni ó sì ń gbé káàkiri. A sọ pé àwọn mínísítà mìíràn a máa yà bàrá bí wọ́n bá rí i lókèèrè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò ní jẹ́ kí wọ́n lọ láìdáhùn.

A kò ní sọ pé kò ṣìṣe rí. Ọ̀ràn ìgbéyàwó àwọn ọmọdébìnrin ní Íńdíà ká a lára, ó sì pe àpèjọ lórí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1929. Obìnrin Íńdíà kan, Dhanvanthi Rama Rau, dìde níbẹ̀, ó sì béèrè ẹ̀tọ́ tí àwọn obìnrin Òyìnbó ní láti máa jíròrò àbùkù ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn kò tí ì fi ojú rí, nígbà tí àwọn obìnrin ilẹ̀ náà ti ń ṣe iṣẹ́ àtúnṣe fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ní 1932 ó wọkọ̀ lọ sí Íńdíà, ó sì gbọ́ ti ẹnu àwọn obìnrin ibẹ̀. Nígbà tí òfin tuntun fún Íńdíà ń bọ̀ ní 1935, ó wà lára àwọn tí ó jà kí obìnrin púpọ̀ sí i ní ìbò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́nu rẹ̀.

Láàrin ọdún wọ̀nyí, ìdààmú bo gbogbo ayé. Eleanor bá Ìjọba rẹ̀ wí nígbà tí wọ́n fi Ethiopia sílẹ̀ fún Ítálì; ó sì tako àdéhùn tí wọ́n bá Hitler ṣe ní Munich ní 1938. Ní ọdún náà ni ó kó àwọn aṣòfin kan jọ ní ìgbìmọ̀ fún ọ̀ràn àwọn ogúnléndé, pàápàá àwọn Júù tí ń sá kúrò ní Jámánì, Austria àti Czechoslovakia. Ìwé ẹ̀bẹ̀ rọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí òjò. Ní 1940, Ìjọba ti àwọn ará Jámánì àti Austria tí ó wà ní ilẹ̀ náà mọ́ àgọ́, àwọn tí ó sá fún Hitler pẹ̀lú. Eleanor lọ sí àgọ́ Huyton lẹ́bàá Liverpool láti rí wọn, ó sì ń fi ìbéèrè da àwọn mínísítà láàmú títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀. Nígbà tí ìròyìn ìpakúpa àwọn Júù di mímọ̀ ní gbangba ní oṣù December 1942, ó bẹ Ìjọba pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tí ó kù. Díẹ̀ ni wọ́n gbọ́ nínú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, èyí sì jẹ́ ọgbẹ́ fún un.

Ní oṣù December yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ owó ọmọ tún jí. William Beveridge, ẹni tí ìwé 1924 nì ti yí lọ́kàn padà tipẹ́, kọ àbá ńlá fún Ìjọba lórí bí a ó ṣe gba ará ìlú lọ́wọ́ ìṣẹ́ lẹ́yìn ogun. Ó fi owó ọmọ ṣe ọ̀kan nínú òpó tí àbá náà dúró lé. Ní 1945 ni àbá òfin dé iwájú Ilé: ṣílè 5 ní ọ̀sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti orí ọmọ kejì lọ. Owó náà kéré sí ṣílè 8 tí Beveridge sọ. Eleanor lè gba ìyẹn mọ́ra, nítorí ohun tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ lè dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ka ìwé náà, ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti baba ni owó náà.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa. Obìnrin yìí ti di ẹni ọdún 72. Ó ti lé ní ọdún 25 tí ó ti ń lépa òfin yìí. Òfin náà wá dé ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ni ìbá sì sọ fún un pé, "Gba èyí tí o rí, ìyá, kí o sinmi." Ní ọjọ́ 8 oṣù March 1945, ó dìde nínú Ilé, ó sì sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fi owó náà sílẹ̀ fún baba, òun yóò dìbò lòdì sí àbá òfin tí òun fi ìdajì ọjọ́ ayé òun wá. Ó wí pé irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò fi èdìdì Ìjọba lu èrò àtijọ́ pé ìyá kò jẹ́ nǹkankan nínú ọ̀ràn ọmọ rẹ̀, ju pé ó wà lábẹ́ ọkọ.

Kì í ṣe pé ó kórìíra àwọn baba. Ó mọ̀ pé baba rere yóò gbé owó náà fún ìyàwó rẹ̀ bí ó ti wù kí a kọ òfin. Ilé tí baba kò ti ṣe rere ni ó ń rò, ibi tí ṣílè márùn-ún ti lè gba ilé ọtí kọjá kí ó tó dé ìdí ààrò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Àwọn aṣòfin láti ìhà méjèèjì gbè é lẹ́yìn. Ìjọba rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, wọ́n sì yọ̀ǹda kí olúkúlùkù dìbò bí ọkàn rẹ̀ bá ti sọ fún un. Báyìí ni owó ọmọ ṣe di ti ìyá. Ní ọjọ́ 15 oṣù June 1945, Ọba fi ọwọ́ sí i, ó di òfin.

Àwọn ará yunifásítì tún dìbò fún un ní ìdìbò gbogbogbòò ọdún náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù January 1946 ó kú lójijì ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù August 1946, àwọn ìyá káàkiri ilẹ̀ náà tò sí iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ìwé owó wọn lọ́wọ́, láti gba ṣílè márùn-ún àkọ́kọ́. Ìjókòó àwọn yunifásítì nínú Ilé ti parẹ́ láti 1950. Owó ọmọ ni kò parẹ́. Láti 1977 ètò tuntun rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó kan ọmọ àkọ́bí pẹ̀lú. Àwọn ìyá Yorùbá tí ó tọ́ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù sì ti gbà nínú rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ obìnrin yìí rí.

Ẹ̀kọ́ wo ni a ó mú lọ sí ilé? Ẹ̀yin baba, a kò ní kí ẹ máa retí òfin kí ẹ tó mọ ọwọ́ tí owó ọmọ yẹ kí ó dé. Bí ẹ bá gba owó, ẹ jẹ́ kí ìyá àwọn ọmọ mọ iye tí ó jẹ́ tiwọn, kí ó sì rí i ní ọjọ́ tí ó yẹ, láìjẹ́ pé ó kúnlẹ̀ fún un bí ẹni tí ń tọrọ. Ẹ̀yin ìyá, owó tí a bá fi lé yín lọ́wọ́ nítorí ọmọ, ọmọ ni ó ni ín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aṣọ ẹgbẹ́ jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́, tí ẹ fẹ́ràn ìwé tí ẹ sì ń rò pé kí ni a ó fi í ṣe, ẹ rántí pé ìwé ìṣírò àwọn ìyàwó ilé ní èbúté, owó búrẹ́dì àti owó èédú, ni Eleanor Rathbone kọ́kọ́ fi ọwọ́ mú. Ọdún 36 lẹ́yìn náà, òfin jáde láti inú rẹ̀.